Ẹ Má Tíì Gé Koríko Gbígbẹ Yẹn, Mọ́mì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé sí Minnesota ní Amẹ́ríkà, mo sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun ní oṣù kejìlá. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ni pé koríko gbígbẹ ló yí ilé náà ká. Níbòmíràn ó ga dé èjìká mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àdá, ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní òdòdó ni. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àlùkò, owó gidi ló fi rà á nígbà ooru, ìyẹn ti kú, ó ti jẹrà. Mò ń padà lọ ní oṣù kẹrin. Ṣé àwọn koríko yìí kú ni àbí wọn kò kú? Kí ni mo lè bá wọn gbìn tí kò ní kú? Ṣé mo sì lè di irúgbìn díẹ̀ láti ilé lọ?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Kí Ọlọ́run dá a sí, kí ó sì fún yín ní ẹ̀mí gígùn láti jẹun rẹ̀.

Koríko yẹn kò kú. Ó sùn ni. Oore ni ọmọ yín ṣe fún ilé náà nígbà tí kò fún yín ní àdá ní oṣù kejìlá, nítorí àkókò iṣẹ́ náà ni kò tíì tó. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á pé oṣù kẹrin ni ẹ ń padà lọ, torí oṣù kẹrin gan-an ni wọ́n ń gé e. Ẹ̀yin ni kí ẹ gé e. Màá sọ bí ẹ ó ṣe gé e, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ń dá a dá òtútù, torí bí ẹ kò bá mọ ìdí rẹ̀, ọwọ́ yín á tún máa yún yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mọ ohun tí ojú yín rí. Báyékú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, létí ọ̀sà, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí ó tó gbá iwájú ilé. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí koríko bá ga dé fèrèsé rẹ̀, ilé tí kò léèyàn ni, ejò ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo dé Minnesota tí mo ríṣẹ́ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta òdòdó, ó pẹ́ kí n tó gbà pé ènìyàn lè fi owó ra koríko. Ọdún 11 ni mo lò níbẹ̀ kí n tó padà wálé, kí n sì dá ọgbà tèmi sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀.

Ní ọdún kìíní tí mo ní àyè ilẹ̀ kékeré tèmi lọ́hùn-ún, mo gé gbogbo koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá, mo ha ewé rẹ̀ kúrò, ilẹ̀ mọ́ rekete. Yìnyín pẹ́ kí ó tó rọ̀ lọ́dún náà. Ilẹ̀ ń dì lóru, ó ń yọ́ lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ń dì tí ó ń yọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń wú, tí á máa ti ìdí koríko sókè díẹ̀díẹ̀ títí gbòǹgbò á fi yọ síta, atẹ́gùn òtútù á sì pa á. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, nínú ìdì 12 tí mo gbìn, 5 péré ló hù. Ó dùn mí gan-an, pàápàá nítorí pé mo rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

Ẹ ti rí irú oorun yìí nílé wa. Bí iná bá jó pápá ní ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo ẹ̀kan á di eérú, ilẹ̀ á dúdú. Kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ̀kan ti gbérí. Ibo ló wà nígbà tí iná ń jó? Abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Orí ẹ̀ka ni igi ti ń rúwé, ṣùgbọ́n ìdí koríko, níbi tí ó ti kan ilẹ̀, ni ojú rẹ̀ wà, bí ojú iṣu. Ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣe fún ẹ̀kan níhìn-ín ni òtútù ń ṣe fún koríko lọ́hùn-ún. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, koríko náà á kó oúnjẹ inú ewé rẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Ewé á wá pọ́n, òmíràn á dà bí osùn, òmíràn bí bàbà, lẹ́yìn náà á gbẹ. Ewé ti ṣe tirẹ̀ tán nígbà náà. Ẹ̀mí wà nísàlẹ̀.

Òtútù ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ẹ̀yin náà ti rí i. Òru kan nínú oṣù kìíní lè lọ sí 30 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fíríìsà tí wọ́n ń kó ẹja sí nílé wa, nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo ni. Yìnyín fúnra rẹ̀ ló ń gba koríko là. Yìnyín tó bá rọ̀ fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó sì há mọ́ inú nǹkan kì í jẹ́ kí òtútù tètè ráyè kọjá. Bí ó bá nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sábà tutù púpọ̀ ju ibi tí omi ti ń dì lọ, bí òkè tilẹ̀ ń gé ènìyàn létí. Igi koríko gbígbẹ tí ẹ fẹ́ gé yẹn ló ń dá yìnyín dúró sórí ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn má gbá a lọ. Aṣọ ìbora rẹ̀ ni ẹ fẹ́ ká kúrò.

Àwọn mìíràn náà ń sá síbẹ̀. Ẹyẹ kéékèèké ń ṣa èso rẹ̀ jẹ ní gbogbo oṣù tí kò sí kòkòrò nílẹ̀. Àwọn labalábá kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní skipper, ìdí àwọn koríko wọ̀nyí gan-an ni ìdin wọn ń sùn sí títí ooru yóò fi dé. Dakota skipper, ọ̀kan nínú wọn, ti ṣọ̀wọ́n débi pé ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bò ó ní ọdún 2014. Ìdí nìyí tí koríko iwájú ilé ọmọ yín fi lè wúlò fún ẹyẹ àti kòkòrò kéékèèké.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èyí tó dà bí àlùkò, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín máa rò pé òun ni òun kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí mo rò, purple fountain grass ni wọ́n ń kọ sára ìkòkò rẹ̀ lọ́jà. Ẹbí èèsún tiwa ni, ilẹ̀ tó móoru ni orísun rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tà á ní Minnesota ní oṣù karùn-ún, fún ooru kan ṣoṣo. Ìrì dídì alẹ́ méjì mẹ́ta ti tó láti pa á. Ó yẹ kí ẹni tó tà á sọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í sọ.

Ohun tí á jẹ́ kí ó mọ̀ lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ya máàpù kan tó pín gbogbo orílẹ̀-èdè náà gẹ́gẹ́ bí òtútù tó ń mú níbẹ̀ ṣe le tó, láti 1 tó tutù jù dé 13 tó móoru jù. Ọdún 2023 ni wọ́n tún un yà. Minnesota wà láàárín 3 sí 5. Gbogbo koríko tó dára lọ́jà ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà lára ìwé rẹ̀, nọ́ńbà yẹn kò sì gbọ́dọ̀ ju ti àdúgbò ilé lọ. Bí ilé wọn bá wà ní 4, èyí tí wọ́n kọ 3 tàbí 4 sí ni kí ó rà. Èyí tí wọ́n kọ 5 sí, ó lè yè lọ́dún tí yìnyín bá pọ̀, kí ó sì kú lọ́dún tí yìnyín bá pẹ́. Èyí tó dà bí àlùkò yẹn, 9 ni tirẹ̀.

Àwọn koríko wo wá ni ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Kí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó tú ilẹ̀ Minnesota, koríko gíga àti òdòdó pápá bo nǹkan bí éékà mílíọ̀nù 18 níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù lónìí fi díẹ̀ ju éékà 1 lọ nínú 100. Gbòǹgbò koríko yẹn, tó ń kú tó ń jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ló sọ ilẹ̀ náà di dúdú, ilẹ̀ dúdú yẹn ni wọ́n sì fi ń gbin àgbàdo títí dòní. Olórí wọn ni big bluestem, tó lè ga ju ènìyàn lọ, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Andropogon gerardii. Ẹ mọ eruwà tiwa, tó ń ga nínú pápá lápá òkè? Andropogon ni òun náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Indian grass. Sorghastrum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, torí pé ó jọ ọkà bàbà. Àgbàdo, ìrèké, ọkà bàbà àti koríko ọba tí ẹ fi ń se tíì, agbo ilé kan náà ni gbogbo wọn.

Àwa náà kò sì fìgbà kan rí jẹ́ ẹni tó ka gbogbo koríko sí ìdọ̀tí. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ní ọdún tirẹ̀, ọ̀dọ̀ Aláàfin ni wọ́n ń ru ú lọ, òun ni wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin. Mo máa ń rántí èyí lọ́hùn-ún nígbà tí ojú bá fẹ́ tì mí pé koríko ni mò ń tà.

Nítorí pé ẹbí àgbàdo ni wọ́n, wọ́n ní ìwà àgbàdo: wọn kì í jí tí ilẹ̀ kò bá móoru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí òun ló ń pa koríko ènìyàn ju òtútù lọ. Oríṣi méjì ni koríko ilẹ̀ tútù. Àwọn kan ń jí ní kùtùkùtù, bí yìnyín bá ti yọ́. Ní oṣù kẹrin wọ́n ti tutù yọ̀yọ̀. Junegrass àti Canada wild rye wà nínú wọn. Àwọn kejì, tí big bluestem àti little bluestem jẹ́, kò ní mira títí di ìparí oṣù karùn-ún. Láàárín àkókò yẹn, koríko gbogbo aládùúgbò á ti tutù, tiyín á ṣì dúró bí igi ìgbálẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn oníbàárà máa ń gbé e padà wá bá wa pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ṣì funfun nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú ìdì náà, kí ẹ mì í jẹ́jẹ́. Bí ó bá dúró gbọn-in, ó wà láàyè. Ẹ má sọ pé koríko kan kú kí oṣù kẹfà tó dé ìdajì.

Òun náà ló ń sọ ìgbà tí ẹ ó gbìn ín. Àwọn tó pẹ́ jí, láti àárín oṣù karùn-ún dé ìparí oṣù kẹfà ni kí ẹ gbé wọn sílẹ̀, kí gbòǹgbò wọn rí gbogbo ooru fi rìn. Bí ẹ bá gbìn wọ́n ní oṣù kẹwàá torí pé ọjà ń tà wọ́n ní ẹ̀dínwó, ẹ ti fi owó ṣòfò. Ilẹ̀ á ti wọn jáde bí ó ṣe ti tèmi. Àwọn tó tètè jí, ẹ lè gbìn wọ́n ní oṣù kẹrin tàbí ní ìparí oṣù kẹjọ.

Bí èmi ni mo bá ń bá yín tò ó, little bluestem ni màá kọ́kọ́ fi sí iwájú ilé níbi tí oòrùn ti ń rà á. Ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4 ni ó ń ga. Nígbà ooru ewé rẹ̀ á pa àwọ̀ aró, bí ìgbà tí wọ́n re aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, á pọ́n bí osùn, á sì dúró bẹ́ẹ̀ lórí yìnyín funfun. Yunifásítì Minnesota fúnra rẹ̀ mú irú kan jáde tí wọ́n ń pè ní Blue Heaven. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ ni kí omi dúró sí ìdí rẹ̀ nígbà òtútù. Ibi tí omi bá ń rọ́gún sí, ẹ má fi síbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni prairie dropseed. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ń tú sílẹ̀ yípo bí omi tó ń ṣàn láti orí àpáta, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Bí ó bá yọ òdòdó ní oṣù kẹjọ, òórùn rẹ̀ dà bí gúgúrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan. Ní alẹ́ kan tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ń wá ẹni tó ń yan gúgúrú kiri, koríko ló ń ta sánsán. Kò yára dàgbà. Ọdún mẹ́ta ló ń gbà kí ó tó kún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó lè pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń wa mọ́tò gbà wọlé, switchgrass ni kí ẹ fi síbẹ̀, torí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà lọ́hùn-ún kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń pa ọ̀pọ̀ koríko. Òun lè gbà á mọ́ra. Big bluestem, ẹ̀yìn pátápátá ni àyè rẹ̀, kí ó má bàa bo gbogbo ojú fèrèsé.

Abẹ́ igi, níbi tí oòrùn kì í dé, koríko tí mo ti ń dárúkọ bọ̀ wọ̀nyí kò ní ṣe dáadáa. Ẹbí mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀, ẹbí òfio. Ẹ má ṣe ya ẹnu: òfio tí ẹ ń jẹ kì í ṣe ọmọ koríko gan-an. Ẹbí kan náà ni òun, làbẹ́làbẹ́ tó ń gé ni lẹ́sẹ̀ ní etí ọ̀sà Báyékú, àti òré tí wọ́n fi ń hun ẹní. Sedge ni wọ́n ń pe ẹbí náà lọ́hùn-ún, irú rẹ̀ tó sì pọ̀ jù ní ilẹ̀ tútù ni Carex, tó tó 2,000 oríṣi káàkiri ayé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ fi ìka méjì yí igi rẹ̀. Ti koríko máa ń rí roboto, ó sì máa ń ní oríkèé bí ti ìrèké. Ti ẹbí òfio sábà máa ń ní igun mẹ́ta, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé kò yí geere. Mo ní sábà, torí òré fúnra rẹ̀ kò ní igun, roboto ló rí.

Pennsylvania sedge ni kí ẹ wá fún abẹ́ igi wọn. Kò ga ju ínṣì 10 lọ, ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ títí á fi bo ilẹ̀ bí ẹní, wọn kò sì ní láti máa fi ẹ̀rọ gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sí àárín wọn. Ẹ rà á nínú ìkòkò, torí irúgbìn rẹ̀ le láti hù. Níbi tí omi òrùlé ti ń dà sílẹ̀, tí ilẹ̀ ń rin, fox sedge ló ń fẹ́ irú ibẹ̀, bí làbẹ́làbẹ́ ṣe ń fẹ́ etí odò.

Gbígbìn wọn kò le. Ihò tó gba ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́, kí ojú ìdí náà bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ẹ má rì í. Ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín little bluestem, bákan náà ni prairie dropseed, àti 3 sí àárín switchgrass. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé èyí á ṣòro fún yín láti gbà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá jù, koríko wọ̀nyí á ga fòò, wọn á sì dùbúlẹ̀ bí àgbàdo tí ìjì wó. Ooru àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n nílò omi déédéé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó rin wọlẹ̀ dáadáa bí òjò kò bá rọ̀. Ẹ máa tu èpò àárín wọn. Lọ́dún kìíní ẹ kò ní rí nǹkan púpọ̀ lókè, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé sí.

Ti irúgbìn tí ẹ fẹ́ dì lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn sọ gbogbo irúgbìn àti ewéko tó bá gbé wọlé fún àwọn aṣọ́bodè, irúgbìn sì nílò ìwé àyẹ̀wò láti orílẹ̀-èdè tó ti wá. Bí wọ́n bá bá a nínú àpò yín láìsọ, wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Wọn kì í sì í bínú lásán: ẹ̀kan tiwa yìí wà lára àwọn koríko tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè, torí ó ti gba oko mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní gúúsù wọn.

Koríko ọba nìkan ni mo lè fún yín láyè lé lórí, torí mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ ẹ fún tíì. Ẹ kò ní láti gbé e láti ilé. Lemongrass ni kí wọ́n béèrè lọ́jà ibẹ̀. Ẹ ra èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì pé, ẹ kì í bọ omi títí yóò fi yọ gbòǹgbò, kí ẹ wá gbìn ín sínú ìkòkò. Kí ìkòkò náà wà níta ní gbogbo ìgbà ooru, kí wọ́n gbé e wọlé sí ojú fèrèsé kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Bí ó bá fi sun ìta ní òru ìrì dídì, ó ti lọ nìyẹn.

Bí aládùúgbò bá ń ráhùn, kí ọmọ yín má bẹ̀rù. Láti ọdún 2023, òfin ìpínlẹ̀ Minnesota kò gbà kí ìlú dí onílé lọ́wọ́ láti gbin irú ọgbà yìí, bí ó bá ti hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú yẹn ni kí ẹ̀yin bá wọn fi hàn. Ẹ la ààlà tó mọ́ sí etí rẹ̀, kí ẹ to bíríkì tàbí òkúta sí i. Kí èyí tó kúrú wà níwájú, kí gíga wà lẹ́yìn, kí ojú ọ̀nà ẹnu ilé fẹ̀ kí ó sì mọ́. Níbi yìí ni ọwọ́ ìgbálẹ̀ yín ti wúlò. Ẹ sì jẹ́ kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láàárín koríko àti ògiri, torí pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, koríko gbígbẹ sì ń gbaná.

Ó wá ku gígé. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán tí ilẹ̀ kò sì rin jù, ẹ mú okùn, ẹ di ìdì koríko kọ̀ọ̀kan láàárín bí ẹ ṣe ń di ìgbálẹ̀. Ẹ má lo àdá, torí ó máa ń fa ìdí tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tu. Sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé òdòdó ni kí wọ́n rà fún yín, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ewé náà ń gé ni. Ẹ gé e kí ó ku ínṣì 4 sí 6 lókè ilẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ fi ti prairie dropseed ṣáájú, kí ewé tuntun rẹ̀ tó yọ, kí ẹ má bàa gé ṣóńṣó rẹ̀. Pennsylvania sedge kò nílò gígé. Ẹ kàn fi ìka ha ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀. Ìdì tí ẹ bá gé, ẹ má sun ún, ẹ má sì dà á nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tò ó sí ẹ̀yìn ọgbà títí di oṣù kẹfà, torí àwọn kòkòrò tó sùn sínú rẹ̀ kò tíì jáde.

Èyí tí àárín rẹ̀ bá ti pá, tó ku etí nìkan bí orí bàbá àgbàlagbà, ti darúgbó nìyẹn. Kí wọ́n hú u ní oṣù karùn-ún, kí wọ́n fi ṣọ́bìrì là á sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tún etí tó yè gbìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀yìn ni, gbòǹgbò rẹ̀ le bí irin. Bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ìdí prairie dropseed ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbọ́ òórùn gúgúrú.